Ṣọ́ọ̀bù franchise nínú hòtẹ́ẹ̀lì ní Kàbbà: ìwé ta ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí?

AjéKàbbà

Òkun o, gbogbo ilé.

Hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 48 kan wà ní Kàbbà, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní àyè ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 16, wọ́n sì fẹ́ gbé e fún mi fún ọdún 2. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní orúkọ lórí ìpápánu àti nǹkan ìlò ojoojúmọ́ ti gbà pé kí n máa tà lábẹ́ orúkọ wọn (ohun tí wọ́n ń pè ní franchise nìyẹn), ọdún 5 ni ìwé tiwọn. Owó ìwọlé, tí mo máa san fún wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀, wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa gba 6% nínú ọjà tí mo bá tà lóṣù, àti 2% fún ìpolówó.

Hòtẹ́ẹ̀lì ní tiwọn ń béèrè ₦100,000 lóṣù tàbí 12% nínú ọjà tí mo bá tà, èyí tó bá pọ̀ jù. Àlejò lè ra ọjà kó ní kí wọ́n fi kún owó yàrá òun, hòtẹ́ẹ̀lì á sì yọ 10% lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ìwé méjèèjì wà níwájú mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí? Ǹjẹ́ òfin franchise wà ní Nàìjíríà tó lè gbèjà ẹni? Kí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa kọ́kọ́ wò?

ÌwéKóPé

Òkun o. Ẹ má fọwọ́ sí ọ̀kankan títí ìwé méjèèjì yóò fi bá ara wọn mu. Onílé méjì lẹ máa ní lórí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo: ọ̀kan ló ni ògiri, èkejì ló ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri. Bí ẹni tó ni ògiri bá ní kí ẹ máa lọ, ìwé ẹni tó ni orúkọ ṣì ń ka oṣù lọ.

Ẹ wo ọdún 2 àti ọdún 5 yẹn. Lọ́dún kẹta hòtẹ́ẹ̀lì lè gbé àyè náà fún ẹlòmíì, àdéhùn orúkọ á sì ṣẹ́ ku ọdún 3 lọ́rùn yín. Ọ̀pọ̀ ìwé franchise ló ní gbólóhùn kan lápá ẹ̀yìn tó sọ pé bí ṣọ́ọ̀bù bá tì kí ọdún tó pé, ẹ ó san owó orúkọ àwọn oṣù tó kù, wọ́n á fi àròpín ọdún tó kọjá ṣírò rẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn yẹn lónìí. Bó bá wà níbẹ̀, òun ló léwu jù nínú gbogbo ìwé yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè ọdún 2 lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti fi ọdún 3 kún un, kí ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé sí wọn ní 90 ọjọ́ kó tó parí. Kí ẹ kọ bí owó ilé ọdún 3 náà yóò ṣe rí sínú ìwé báyìí, torí ẹ̀tọ́ àtúnṣe tí kò ní iye owó nínú kò yàtọ̀ sí ìlérí ẹnu. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá kọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ oní-orúkọ pé ọdún 2 náà ni tiyín, kí ẹ lè tún un ṣe láìsan owó ìwọlé míì.

Ohun kejì: irú ìwé wo ni hòtẹ́ẹ̀lì fún yín? Bó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì, àyè ìjókòó lásán ni wọ́n yọ̀ǹda fún yín. Ilé kò sí lọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè fún yín ní nótíìsì kúkúrú. Bó bá jẹ́ ìwé ayálégbé, àyè náà wà níkàáwọ́ yín, ṣùgbọ́n òfin ní ohun tó ń béèrè. Èyí tó bá ju ọdún 3 lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ deed (ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí), èyí tó túmọ̀ sí pé àdéhùn ọdún 5 kò ṣeé kọ sórí bébà lásán. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà nílò ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó yá ẹlòmíì ní apá kan. Ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì fi C of O wọn, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀, hàn yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n ní, ẹ wo ìwé ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá bánkì ti gba ilé náà ní ìdúró fún owó tí wọ́n yá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba lẹ́tà bánkì pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ta hòtẹ́ẹ̀lì, ọdún tiyín á pé. Ẹ lọ lu ìwé náà ní òǹtẹ̀ ìjọba, torí ilé-ẹjọ́ kì í gba èyí tí kò ní in.

Ní ti òfin, Nàìjíríà kò ní òfin kan tó jẹ́ ti franchise nìkan. Àdéhùn tí ẹ bá kọ ni òfin yín. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ fi dandan lé e pé kí oní-orúkọ fún ẹni tó fẹ́ rà ní ìwé àlàyé tó ní orí 23, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun tàbí kó sanwó. Kò sí ẹni tó máa fún yín níyẹn níbí bí ẹ kò bá béèrè. Ẹ béèrè. Ẹ fẹ́ mọ iye ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ orúkọ wọn, iye tó ti tì láàárín ọdún 3 àti ìdí tó fi tì, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, àti iye owó ìtúnṣe àyè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

OlùṣíròYàgbà

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí ohun tí ẹ kọ, torí owó náà ń kó mi lọ́kàn sókè ju ìwé lọ.

Ká ní ẹ ta ₦1,000,000 lóṣù, láìka VAT (owó orí ọjà ti ìjọba) mọ́ ọn, kí ₦300,000 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí àlejò fi kún owó yàrá. Ká ní èrè orí ọjà jẹ́ 25%. Owó ọjà fúnra rẹ̀ ₦750,000, ó ku ₦250,000. Hòtẹ́ẹ̀lì mú 12%, torí ó ju ₦100,000 lọ: ₦120,000. Owó orúkọ ₦60,000. Ìpolówó ₦20,000. 10% orí ọjà yàrá, ₦30,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦230,000. Ó ku ₦20,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ẹ ò sì tíì san iná.

Ẹ tún wo ọjà yàrá yẹn nìkan. Lórí ₦1,000 tí àlejò fi kún owó yàrá, hòtẹ́ẹ̀lì gba ₦120 bí owó ilé, wọ́n tún gba ₦100 bí owó iṣẹ́, oní-orúkọ gba ₦80. ₦300 ti lọ. Èrè yín lórí ₦1,000 jẹ́ ₦250. Ẹ ń pàdánù ₦50 nígbàkígbà tí àlejò bá fọwọ́ sí ìwé dípò kó sanwó. Bí ọjà yẹn bá ṣe ń yá tó ni àdánù ṣe ń pọ̀ tó.

Pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 2 ní ₦70,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ₦60,000 fún iná, ẹ gbọ́dọ̀ ta ₦10,000,000 lóṣù kí ẹ tó kó owó yín já. Ó jìnnà púpọ̀ sí ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 48 lè mú wá. Bí ẹ bá gba hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀kalẹ̀ sí ₦100,000 tàbí 7%, kí owó iṣẹ́ orí ọjà yàrá jẹ́ 3% dípò 10%, iye náà já wá sí nǹkan bí ₦2,200,000, ìyẹn bíi ₦73,000 lóòjọ́. Ìyẹn ṣeé jà fún. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹnu yín sí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìtumọ̀ «ọjà tí a tà» nínú ìwé méjèèjì. Bí oní-orúkọ bá ka VAT mọ́ ọn, 8% tiwọn á wá láti orí ₦1,075,000: ₦86,000 dípò ₦80,000. ₦72,000 nìyẹn lọ́dún, lórí owó tí kì í ṣe tiyín, tí ẹ ń gbà fún ìjọba. Kí ìwé yọ VAT kúrò, kó yọ ọjà tí oníbàárà dá padà, kó yọ owó ọjà yàrá tí àlejò kọ̀ láti san. Kí ìtumọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwé méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa ṣe ìṣirò méjì lóṣooṣù, àwọn méjèèjì á sì máa fura sí yín.

AjéKàbbà

Ẹ ṣeun gan-an. ₦50 yẹn kò hàn sí mi rárá. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣètò ọjà yàrá kó má di ìjà?

OlùṣíròYàgbà

Ìwé aláwẹ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà yàrá, orúkọ, wákàtí, ọjà, iye, ìbuwọ́lùwé àlejò. Ẹ fún àlejò ní ọ̀kan, kí ọ̀kan lọ sí ìdí tábìlì àbáwọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ọ̀kan kù lọ́wọ́ yín. Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni pé ọmọ ìtajà á kó ìwé jọ títí di òwúrọ̀, àlejò á ti san owó yàrá rẹ̀ kó sì bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Nítorí náà kí akọ̀wé àbáwọlé buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín nígbà tó gba tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti buwọ́ lù ú, àdánù di ti hòtẹ́ẹ̀lì, kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Ẹ fi ààlà sí iye tí yàrá kan lè rà, bíi ₦10,000 lóòjọ́.

Kí hòtẹ́ẹ̀lì san owó náà fún yín láàárín ọjọ́ 7. Bí ẹ bá gbà fún ọjọ́ 30 nígbà tí oní-orúkọ ń gba tirẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, owó ọjà tuntun lẹ ó máa fi san owó orúkọ. Kí ẹ̀rọ POS jẹ́ ti orúkọ yín, kó wọ àkántì yín. Ẹ má gbà kí owó káàdì kọ́kọ́ wọ àkántì hòtẹ́ẹ̀lì.

ỌmọÌjùmú

Ẹ béèrè lọ́wọ́ oní-orúkọ bóyá wọ́n fún yín ní àgbègbè. Bí wọ́n bá ní gbogbo Kàbbà ni tiyín, ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ àwọn ibi kan sílẹ̀ fún ara wọn: hòtẹ́ẹ̀lì, pápákọ̀ òfuurufú, ilé-ìwosàn, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé epo. Wọ́n gbà pé àwọn ibẹ̀ ní oníbàárà tiwọn tí kì í jáde. Ó yẹ kí ìyẹn mú ìbéèrè méjì wá. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ irú ibi tí wọ́n yọ sílẹ̀, ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ ní àgbègbè kankan lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín? Ṣé wọ́n sì lè ṣí òmíràn sí ilé epo tó wà ní ìkọjá ọ̀nà? Ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, bíi kìlómítà 3 láti ẹnu ọ̀nà, láìyọ ilé epo.

Ẹ gba irú ààbò yẹn lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Báà wọn, ibi ìmutí, ń ta omi àti mínírà, fíríìjì kékeré inú yàrá náà ń ta á. Kí ẹ jọ kọ sílẹ̀ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ tà àti ohun tí ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ tà. Ọtí ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ fi sílẹ̀ fún báà wọn, ìyẹn kò burú.

Bí hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ bá ń lo orúkọ ẹlòmíì, onílé kẹta ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Àwọn oní-orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ní òfin lórí ṣọ́ọ̀bù inú ilé, àwọ̀ àmì, aṣọ òṣìṣẹ́ àti orúkọ ọjà tó bá tiwọn díje. Ẹ gba lẹ́tà ìfọwọ́sí wọn. Ìwọ̀n àmì tí oní-orúkọ yín fẹ́ àti ìwọ̀n tí hòtẹ́ẹ̀lì gbà lára ògiri rẹ̀ kì í sábà bára mu, torí náà ẹ ya àwòrán kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ fi mọ́ ẹ̀yìn ìwé wọn.

Mọ̀námọ́náÌsánlú

Iná. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́.

Jẹnẹrétọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, nígbà tí àlejò wà nínú yàrá. Fírísà yín nílò iná ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn wà lórí òrùlé tí ẹnu rẹ̀ sì ń ṣí ní gbogbo ìṣẹ́jú. Oní-orúkọ á kọ ọ́ sínú ìwé òfin iṣẹ́ pé kí ọjà dídì wà ní -18°C. Ọjà tó bá yọ́ tó tún dì máa ń fi yìnyín funfun sílẹ̀ nínú ọ̀rá, áísìkiríìmù á wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò á rí i, ẹ̀yin ló sì máa dá lẹ́bi, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì.

Nítorí náà: kí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì sọ wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ ní mítà tiyín, yálà láti AEDC (ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná) tàbí mítà kékeré lábẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì, kí iye yúnítì kan wà lákọsílẹ̀, ti AEDC lọ́tọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má gbà láti pín owó iná pẹ̀lú yàrá 48. Kí ẹ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ láti gbé ínfátà wọlé àti páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé wọn. Fírísà tó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 200 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ínfátà kékeré fi ń pa ara rẹ̀ bí fírísà méjì bá jọ tan.

Ẹnu ọ̀nà náà ńkọ́? Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá gba inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, àlejò nìkan lẹ máa tà fún. Ìyá tó fẹ́ ra bísíkíìtì fún ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí máígádì máa bi òun ní ibi tí òun ń lọ. ₦73,000 lóòjọ́ yẹn nílò ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín.

ẸnuBodè

Mo kàn fẹ́ fi kún un pé gbogbo àdéhùn franchise ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ, láàárín ọjọ́ 60.

ÌwéKóPé

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àdéhùn láàárín ará Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni NOTAP wà fún, lábẹ́ òfin 1979. Òótọ́ ni ti ọjọ́ 60, láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, bánkì kò sì ní fi owó orúkọ ránṣẹ́ sókè òkun láìsí ìwé ẹ̀rí náà. Àdéhùn abẹ́lé tí wọ́n ń san náírà fún kò sí nínú rẹ̀. Bí orúkọ yín bá ti òkè òkun wá, tí ẹlòmíì ní Nàìjíríà ló tún un yá yín, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí NOTAP tirẹ̀ hàn.

Èyí tó kan gbogbo ènìyàn ni àmì ọjà. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́tà pé wọ́n ti gba ìwé ìbéèrè. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún 14-14. Ẹ wo ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì wo ìsọ̀rí 35, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìtajà wà. Ẹni tó forúkọ bísíkíìtì nìkan sílẹ̀ kò tíì forúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), orúkọ tiyín ni kí ẹ fi sílẹ̀, òun náà ni kó wà lórí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fi orúkọ oní-orúkọ ṣe é. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 tún sọ pé oní-orúkọ kò lè fi dandan lé iye owó tó kéré jù tí ẹ máa ta ọjà fún oníbàárà. Ó lè dábàá iye, ó parí síbẹ̀. Òfin kan náà ló ní kí iye owó hàn lára ọjà.

ỌmọÌjùmú

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ipò tirẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ìwé àṣẹ ọtí àti owó orí ilé sábẹ́ wọn. Kí ìwé sọ pé ẹni tó nilé ló máa san owó orí ilé, ẹ má jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì yọ́ ọ sínú «owó iṣẹ́» yín. Ti ṣọ́ọ̀bù àti ti pátákó àmì ló kàn yín. Ẹ san án ní bánkì lórí ìwé ìbéèrè tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì.

Bí ẹ bá fẹ́ ta kajú wa, kí oní-orúkọ kọ́kọ́ gbà á sínú ìwé ọjà, torí ọ̀pọ̀ wọn ní ibi ìkẹ́rù wọn nìkan lẹ ti gbọ́dọ̀ ra ọjà. Kajú tí wọ́n dì sí ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ lára nílò nọ́ńbà NAFDAC. Aṣọ Bùnú kò nílò ìyẹn, àlejò sì ń béèrè rẹ̀. Oògùn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn láìní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ àwọn apòògùn, orúkọ franchise kò lè dúró fún un.

Ìdójútòfò (insurance) tí hòtẹ́ẹ̀lì ní lórí ilé kò ka ọjà yín mọ́ ọn. Ẹ ra ti iná àti olè fún ọjà fúnra yín.

AjéKàbbà

Ìbéèrè tó kù: bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ta ló ni ṣẹ́ẹ̀fù (pẹpẹ ọjà) àti káńtà?

ÌwéKóPé

Ohun tí ẹ bá kàn mọ́ ògiri lè di ti onílé bí ìwé kò bá sọ nǹkan míì. Ẹ fi bóòtù dè wọ́n kí wọ́n lè ṣeé tú, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ wọn pẹ̀lú àwòrán, kí hòtẹ́ẹ̀lì buwọ́ lù ú pé tiyín ni. Oní-orúkọ á fẹ́ kí ẹ bọ́ àmì rẹ̀ kúrò kí ẹ sì kun ògiri, bóyá láàárín ọjọ́ 14. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ti ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ tí ìwé parí, ẹ ò ní lè ṣe é, oní-orúkọ á sì bu owó ìtanràn lé yín. Kí hòtẹ́ẹ̀lì fún yín ní ọjọ́ 21 láti wọlé lẹ́yìn ìparí, láìgba owó ilé. Bí oní-orúkọ bá sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ bá jẹ gbèsè, kí wọ́n ra ọjà orí ṣẹ́ẹ̀fù ní iye tí ẹ rà á, kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ní ti èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí: ọjọ́ kan náà, tábìlì kan náà. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ti hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú, kí ìlà kan wà nínú rẹ̀ pé kò bẹ̀rẹ̀ títí oní-orúkọ yóò fi fọwọ́ sí tirẹ̀, kí owó ìwọlé sì wà lọ́wọ́ lọ́yà títí di ọjọ́ náà.